Ta Ni Ó Gba Àlejò Náà Sílé?

Ìlú tí ń jẹ́ orúkọ àlejò ni Òṣòdì. Ọmọ Tápà ni Òṣòdì tí a fi sọ ọ́ lórúkọ, ẹni tí ó ti ilẹ̀ Núpé wá sí Èkó ní kékeré, tí ó dàgbà lábẹ́ òrùlé ọba, tí ó di ògbóǹtarìgì jagunjagun lẹ́yìn Ọba Kòsọ́kọ́, tí ó bá olúwa rẹ̀ gba ojú omi lọ sí Ẹ̀pẹ́ nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi àgbá lé wọn kúrò ní Èkó ní 1851, tí ó sì kó àwọn ènìyàn rẹ̀ padà wálé ní 1862, tí a fi ń pe ibi tí wọ́n tẹ̀dó sí ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó títí di òní olónìí. Ilẹ̀ tí ó bá jẹ́ irú orúkọ bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ máa sá fún àlejò, kò sì sá fún un. Ẹni tí ó bá dúró ní Òṣòdì-Òkè ní agogo méje òwúrọ̀, tí ó ń wo bí ọmọ Kánò ti ń fi èjìká gbá ọmọ Oníṣà, bí ará Ìjẹ̀bú ti ń bá ará Kútọnu ná bàtà òkìríkà, bí kọ́ńdọ́ ti ń ké pe èrò Mílé-Tú àti èrò Ìyànà-Ìpájà lẹ́ẹ̀kan náà, kò jẹ́ fi àkókò rẹ̀ ṣòfò láti béèrè ibi tí baba ẹnikẹ́ni ti wá. Ohun tí ojú rẹ̀ ń wá ni ọ̀dọ̀ ẹni tí olúwa rẹ̀ ń lọ, àti ohun tí ó gbé lọ́wọ́.

Ṣùgbọ́n bí ará Òṣòdì kan náà yìí bá délé, ní Máfolúkù tàbí ní Ṣógunlẹ̀, tí ó jókòó ti kọ̀ǹpútà rẹ̀, tí ẹnì kan sì fi àtòjọ àwọn àdírẹ́ẹ̀sì tí ẹ̀rọ náà ń bá sọ̀rọ̀ hàn án, tí ó rí i pé ọ̀kan wà ní Amẹ́ríkà, òmíràn ní Áyálándì, ẹ̀kẹta ní Họ́láǹdì, gbogbo ọgbọ́n ìdíkọ̀ a fò lọ, igbe a sì ta: "Wọ́n ti wọ inú kọ̀ǹpútà mi!" Èmi kò bá wọn ké e. Mo gbà pé ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ wa ń gbà bẹ̀rù nínú ọ̀rọ̀ yìí kò bọ́ sí i, pé a ń béèrè ìlú àlejò nígbà tí ó yẹ kí a béèrè ẹni tí ó gbà á sílé, àti pé nínú àṣìbéèrè yìí ni olè tòótọ́ ti ń rí ààyè kọjá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ó ṣe ojú mi. Olùkọ́ kan tí ó ti fẹ̀yìntì, tí ilé rẹ̀ kò jìnnà sí ọjà Máfolúkù, ṣàkíyèsí pé dátà tí òun ń rà fún oṣù kan kò tó ọ̀sẹ̀ méjì mọ́. Ó ránṣẹ́ pe ọmọkùnrin kan tí ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Ọmọ náà jókòó, ó ṣí fèrèsé dúdú kan lójú ẹ̀rọ náà, ó tẹ netstat -ano sí i, ìlà sì bẹ̀rẹ̀ sí í ya lulẹ̀ bí ìgbà tí eèrùn bá tú jáde: nọ́ńbà lórí nọ́ńbà, àmì lórí àmì.

"Bàbá, ẹ fojú ara yín rí i," ni ó wí. "Gbogbo àwọn tó ń wọ ẹ̀rọ yín nìyí. Èyí, Amẹ́ríkà ni. Ẹ jẹ́ kí n bá yín fọ́máàtì ẹ̀, sà."

"Ìwọ ọmọ yìí, o mọ̀ wọ́n ni?"

"Háká ni wọ́n, sà. Kò sẹ́ni tó lè mọ̀ wọ́n."

Bàbá wo ojú mi, èmi náà sì fa àga mọ́ ibẹ̀. Òpó márùn-ún ni àtòjọ náà ní. Èkíní ń sọ irú ọ̀nà tí wọ́n fi ń sọ̀rọ̀. Èkejì jẹ́ àdírẹ́ẹ̀sì kọ̀ǹpútà Bàbá fúnra rẹ̀ àti nọ́ńbà ẹnu-ọ̀nà tí ó gbà jáde, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní pọ́ọ̀tù. Ẹ̀kẹta jẹ́ ti ẹni tí ó ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ̀kẹrin ń sọ bóyá ọ̀rọ̀ ń lọ lọ́wọ́, tàbí ó ti parí, tàbí ẹnì kan kàn dúró sẹ́nu ọ̀nà tí ó ń tẹ́tí. Ẹ̀karùn-ún, èyí tí ọmọ náà kò tilẹ̀ wò, jẹ́ nọ́ńbà ètò tí ó wà nínú ẹ̀rọ Bàbá tí ó ni ìsopọ̀ náà. Ìlà bíi mẹ́fà ni ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 127.0.0.1, èyí tí í ṣe pé ẹ̀rọ náà ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀, kò jáde síta rárá. Àwọn kan ní 192.168 níwájú, irú àdírẹ́ẹ̀sì tí a yà sọ́tọ̀ fún inú ilé, tí ó jẹ́ pé ọ̀kan náà lè wà ní Máfolúkù àti ní Tokyo láìjẹ́ pé wọ́n mọ ara wọn; ráútà Bàbá ni, àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé rẹ̀. Àwọn tí ó kù, àfi bí ẹyọ kan tàbí méjì, ń lọ sí ẹnu pọ́ọ̀tù 443, ọ̀nà tí gbogbo ojúlé íntánẹ́ẹ̀tì tí ó ní àmì àgádágodo ń gbà, ìbáà jẹ́ ti báńkì tàbí ti ìwé ìròyìn. Nọ́ńbà kan náà ni ó sì wà ní òpó karùn-ún fún púpọ̀ nínú wọn. A ṣí Task Manager, ibi tí Windows ti ń to àwọn ètò tí ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, a wá nọ́ńbà náà, ó sì jẹ́ Chrome tí Bàbá ti fi ṣí ìwé ìròyìn méjì láti òwúrọ̀, tí kò sì pa á dé.

Ọmọ náà kò purọ́ o. Kò mọ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a rántí pé àwọn gbájúẹ̀ kan wà lágbàáyé tí àtòjọ yìí gan-an jẹ́ irinṣẹ́ wọn: wọn a pe arúgbó lórí tẹlifóònù ní Amẹ́ríkà tàbí ní Lọ́ńdọ̀nù, wọn a ní àwọn ń ṣiṣẹ́ fún Microsoft, wọn a sọ fún un kí ó tẹ netstat, kí ó wo àwọn àjèjì tí ó ti wọ ẹ̀rọ rẹ̀, ẹ̀rù a bà á, a sì sanwó. Ẹ̀rọ tí kò ṣe nǹkan kan ni wọ́n fi ń kó owó ìfẹ̀yìntì ẹni ẹlẹ́ni lọ. Nítorí náà ẹni tí ó bá fi àtòjọ yìí hàn yín, tí ó sì ti ń ka iye owó rẹ̀ kí ó tó ka òpó karùn-ún, ẹ ní kí ó ní sùúrù díẹ̀.

Kí wá ni ó dé tí ìwé ìròyìn méjì péré fi ń pe àdírẹ́ẹ̀sì bí ogún jọ? Nítorí pé ojú ìwé kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì kì í ti ibi kan ṣoṣo wá. Ọ̀rọ̀ ibẹ̀ ń ti ibìkan bọ̀, àwòrán ń ti ibòmíràn, ìpolówó ọjà ń ti ibi mẹ́ta tàbí mẹ́rin, àti ohun tí ń ka iye ènìyàn tí ó wo ojú ìwé náà, òun náà ní ilé tirẹ̀. Ní 1998, onímọ̀ ìṣirò kan ní MIT ní Amẹ́ríkà, Tom Leighton, àti akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ Daniel Lewin dá ilé-iṣẹ́ Akamai sílẹ̀ lórí èrò pé kò yẹ kí gbogbo ayé máa rìn lọ sí ibi kan láti mú àwòrán kan, pé kí a tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀ sínú ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹ̀rọ káàkiri ayé, kí olúkúlùkù mú un níbi tí ó bá sún mọ́ ọn jù. Lewin kò pẹ́ láyé jẹ èrè rẹ̀. Ó wà nínú ọkọ̀ òfuurufú àkọ́kọ́ tí wọ́n fi kọlu ilé gogoro ní New York ní 11 September 2001, ọmọ ọdún 31 ni. Èrò rẹ̀ ni ó sì mú kí ó jẹ́ pé orúkọ Akamai ni ẹni tí ó wo kọ̀ǹpútà rẹ̀ ń bá pàdé, nígbà tí ó jẹ́ pé àtúnṣe Windows láti ọ̀dọ̀ Microsoft ni ẹ̀rọ náà lọ gbà. Google ní tirẹ̀ ń lo orúkọ 1e100.net fún àwọn ẹ̀rọ rẹ̀. Ẹni tí ó bá rí i láìmọ ìdí rẹ̀ a rò pé orúkọ oògùn ni, ṣùgbọ́n àwàdà àwọn oníṣirò ni: oókan tí òdo ọgọ́rùn-ún tẹ̀lé, iye tí wọ́n fa orúkọ Google yọ láti inú orúkọ rẹ̀.

Bí orúkọ àjèjì kò ti dá ẹ̀bi, bẹ́ẹ̀ ni orúkọ ńlá kò dá àre. Amazon, Microsoft àti Google ń yá àwọn ẹlòmíràn ní ẹ̀rọ lò. Ẹni tí ó bá lè san owó oṣù ni ó lè yá a, ìbáà jẹ́ ilé ìwòsàn, ìbáà jẹ́ gbájúẹ̀. Bí a bá wádìí àdírẹ́ẹ̀sì kan tí a sì rí Amazon, orúkọ onílẹ̀ ni a rí, kì í ṣe ti ayálégbé.

Kì í sì í ṣe àwa ará ilé lásán nìkan ni ibi tí nǹkan gbà kọjá ń tàn jẹ. Ní 12 November 2018, àwọn tí ń ṣọ́ ojú ọ̀nà íntánẹ́ẹ̀tì rí i lójijì pé ìsọfúnni tí ó yẹ kí ó lọ sí Google tààrà ti yà bàrá, ó ń gba ọ̀dọ̀ TransTelekom ti Rọ́ṣíà àti China Telecom kọjá. Àwọn kan ń wá Google wọn kò rí i mọ́. Rọ́ṣíà àti Ṣáínà lójú ọ̀nà kan náà! Ariwo ta káàkiri ayé, ẹ̀rù amí ba àwọn ọ̀mọ̀wé. Wọ́n tọ ipasẹ̀ ọ̀ràn náà, wọ́n tọ̀ ọ́ títí, ó sì já sí Èkó wa níhìn-ín. Ilé-iṣẹ́ MainOne, tí ó na okùn abẹ́ òkun láti Pọ́túgà wá sí Èkó ní 2010, ni ó ń ṣe àtúnṣe sí ẹ̀rọ rẹ̀ tí àṣìṣe fi wọ̀ ọ́, tí ẹ̀rọ náà ń kéde fún China Telecom pé ọ̀dọ̀ òun ni ọ̀nà Google gbà, tí China Telecom gbà á gbọ́ tí ó sì kéde rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Láàárín ìṣẹ́jú 74 ni wọ́n tún un ṣe, MainOne sì jáde sọ ọ́ ní gbangba pé àṣìṣe àwọn ni. Àwọn tí wọ́n wo ibi tí ọ̀nà gbà rí amí. Àwọn tí wọ́n bi ẹni tí ó kọ́kọ́ kéde rí òṣìṣẹ́ kan tí ọwọ́ rẹ̀ ṣì. Mo fẹ́ràn ìtàn yìí nítorí pé ọmọ ilé wa ni, a kì í sì í sọ ọ́ tó.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Olè wà, amí sì wà pẹ̀lú. Ní January 2018, ìwé ìròyìn Le Monde ti ilẹ̀ Faransé gbé e jáde pé ní olú-ilé Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà ní Addis Ababa, ilé tí Ṣáínà kọ́ tí ó fi ta Áfíríkà lọ́rẹ, tí a ṣí ní 2012, àwọn òṣìṣẹ́ ẹ̀rọ ṣàkíyèsí pé láàárín agogo méjìlá òru sí agogo méjì, nígbà tí ọ́fíìsì ti ṣófo tí kò sí ọwọ́ kankan lórí ẹ̀rọ, ni ìsọfúnni ń ya jáde jù lọ, tí ó sì ń forí lé Shanghai. Ṣáínà sẹ́ kanlẹ̀, àwọn olórí Àjọ náà pàápàá ní kò rí bẹ́ẹ̀, èmi kò sì ní ohun tí n óò fi dá ẹjọ́ láàárín wọn. Ohun tí mo rí kọ́ nínú ìròyìn náà ni pé kì í ṣe orúkọ Ṣáínà ni ó ta àwọn òṣìṣẹ́ náà jí, nítorí ilé tí Ṣáínà kọ́ kò lè ṣàì ní ohun Ṣáínà nínú. Wákàtí ni ó ta wọ́n jí, àti bí ẹrù tí ń jáde ti pọ̀ tó. Ní Èkó, àmì wákàtí yìí gba ìṣọ́ra díẹ̀, nítorí pé dátà òru dín lówó, ọ̀pọ̀ ilé ní Ìsọlọ̀ àti Òkè-Àfá ni wọ́n sì ń jí ní agogo kan òru láti fa fíìmù. Bí ẹrù bá ń wọlé lóru, a lè mọ ẹni tí ó ránṣẹ́ sí i. Èyí tí ń jáde lóru ni kí a béèrè.

Àwọn àgbà ní bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pa ènìyàn. Nínú gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa ọ̀ràn yìí, kò sí ohun tí ó tún bá a mu tó bẹ́ẹ̀. Olè kì í sábà fọ́ ilẹ̀kùn kọ̀ǹpútà ilé. A máa ń ṣí i fún un. A ra ẹ̀rọ àlòkù, ẹni tí ó tà á fi Office tí wọ́n fi kíráàkì ṣí sí i lọ́fẹ̀ẹ́, a sì dúpẹ́. Ọmọ wa mú ìfipamọ́ USB tí géèmù wà nínú rẹ̀ bọ̀ láti ilé-ẹ̀kọ́. Í-meèlì wọlé pẹ̀lú ìwé owó ọjà tí a kò rà, a fi ìka tẹ̀ ẹ́ láti wo ọjà wo ni. Ògiri ti lanu nìyẹn, aláǹgbá kò sì ní ṣẹ̀ṣẹ̀ gbàṣẹ.

Ní ìparí May 2022, INTERPOL kéde pé àjọ EFCC ti mú ọmọ Nàìjíríà mẹ́ta lórí ẹ̀sùn pé wọ́n ń lo ètò burúkú kan tí ń jẹ́ Agent Tesla láti fi jí ìsọfúnni àwọn ilé-iṣẹ́, pàápàá àwọn ilé-iṣẹ́ epo ní Éṣíà àti Àárín Gbùngbùn Ìlà-Oòrùn. Ẹ jẹ́ kí a wo bí Agent Tesla ti ń ṣiṣẹ́, nítorí ó gbe ọ̀rọ̀ mi lẹ́sẹ̀. Ó máa ń gun orí í-meèlì wọlé, ní ìrísí ìwé owó ọjà tàbí ìwé ẹrù. Bí a bá ti tẹ̀ ẹ́, ó lúgọ, ó ń ṣàkọsílẹ̀ gbogbo lẹ́tà tí a tẹ̀, ó ń kó páásíwọ́ọ̀dù tí a ti tọ́jú sínú ẹ̀rọ jọ, nígbà tí ó bá sì tó àkókò, ó dì wọ́n, ó fi í-meèlì rán wọn sí ọ̀gá rẹ̀, lọ́pọ̀ ìgbà nípasẹ̀ pọ́ọ̀tù 587 tí í ṣe ojúlówó ọ̀nà tí í-meèlì ń gbà jáde. Ibi tí ó rán an sí lè jẹ́ ilé-iṣẹ́ í-meèlì tí ayé bọ̀wọ̀ fún, ní Jámánì tàbí ní Amẹ́ríkà. Ẹni tí ó bá ń fi ìlú dá ẹ̀bi, tí ó ń wá Ṣáínà àti Rọ́ṣíà kiri nínú àtòjọ, yóò fojú fo ìlà náà. Ẹni tí ó bá wo òpó karùn-ún ni yóò rí i pé ètò tí ń rán í-meèlì yìí kì í ṣe Outlook, kì í ṣe Thunderbird, pé nǹkan kan tí ó fara pamọ́ sínú fódà tí a kì í wò ni, pé ẹni tí kò ní lẹ́tà kankan láti kọ ni ó ń lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́. Ìlà kan ṣoṣo yẹn burú ju ọgọ́rùn-ún ìlà tí ó ní Beijing lára lọ.

Láti inú kọ̀ǹpútà, ẹ jẹ́ kí a gbójú sí ẹnu géètì. Ó ti di àṣà ní àdúgbò wa kí a gbé kámẹ́rà sára ògiri, kí a so ó mọ́ Wi-Fi, kí á lè máa fi fóònù wo ẹni tí ń kan ilẹ̀kùn nígbà tí a wà lọ́jà. Kámẹ́rà náà kọ̀ǹpútà ni. Ó ní àdírẹ́ẹ̀sì, ó ní pọ́ọ̀tù, ó sì ní páásíwọ́ọ̀dù tí wọ́n fi sí i ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe é, èyí tí ẹni tí ó gbé e kọ́ kì í yí padà, nítorí pé ó fẹ́ tètè gbowó kí ó máa lọ. Ní 2016, ètò burúkú kan tí ń jẹ́ Mirai jáde sí ayé, tí kò ní ọgbọ́n kan ju pé ó gbé irú páásíwọ́ọ̀dù bẹ́ẹ̀ tí ó tó ọgọ́ta lọ́wọ́, tí ó ń kan ilẹ̀kùn kámẹ́rà àti ráútà káàkiri ayé, tí ó ń dán wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún ẹ̀rọ ni ó ṣí fún un. Ọkùnrin ará Bìrìtìkó kan, Daniel Kaye, kó irú àwọn ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ jọ bí ọmọ ogun, ó sì dojú wọn kọ Lonestar, ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù ní Láíbéríà, nítorí pé ẹnì kan tí ń ṣiṣẹ́ fún ilé-iṣẹ́ tí ń bá Lonestar figagbága ń sanwó fún un. Íntánẹ́ẹ̀tì dẹnu kọlẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn ní orílẹ̀-èdè náà. Ní January 2019 ilé-ẹjọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù rán an ní ẹ̀wọ̀n ọdún méjì àti oṣù mẹ́jọ. Ẹ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀: kámẹ́rà tí ẹnì kan gbé kọ́ kí olè má bàa wọlé rẹ̀ ni ó jáde lọ ba ilé orílẹ̀-èdè kan jẹ́, tí onílé ń wo fóònù rẹ̀, tí ó ń rí ẹnu géètì rẹ̀ kedere, tí kò mọ nǹkan kan. Ohun tí ajá rí tí ó fi ń gbó kò tó èyí tí àgùntàn ń fi ṣe ìran wò.

Bí a ti ṣe ń bi ètò léèrè kò gba ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Ẹ pa gbogbo ohun tí ẹ ṣí dé, ẹ tún ẹ̀rọ tan, ẹ dúró títí tí yóò fi balẹ̀, ẹ wá tẹ netstat -ano; àwọn tí ó bá ṣẹ́ kù ni ará ilé tí kì í sùn. Ẹ mú nọ́ńbà òpó karùn-ún lọ sí Task Manager, níbi tí a ti ń wo Details, ẹ fi bọ́tìnnì apá ọ̀tún máúsì tẹ ètò náà kí ó fi fódà rẹ̀ hàn. Èyí tí ó wà lábẹ́ Program Files tàbí System32 tí ó sì ní àmì ẹni tí ó ṣe é lára, ọkàn lè balẹ̀ sí i níwọ̀nba. Èyí tí ó sá pamọ́ sí AppData tàbí Temp pẹ̀lú orúkọ tí kò ní ìtumọ̀, tàbí tí ó ń jẹ́ svchost níbi tí svchost kò gbé, ẹ já Wi-Fi kí ẹ tó ṣe ohun mìíràn, nítorí ẹni tí ó gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tí ó gbà á sílẹ̀ fún un, agbèpo inú ilé yìí ni ó sì yẹ kí a kọ́kọ́ dá dúró. Lẹ́yìn náà kí ẹ fi ẹ̀rọ mìíràn yí páásíwọ́ọ̀dù báńkì àti ti í-meèlì padà. Ti kámẹ́rà àti ráútà kò le rárá: kí páásíwọ́ọ̀dù wọn má ṣe jẹ́ èyí tí wọ́n bá wá sílé.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan tí ó ń dùn mí lọ́kàn, èyí tí í ṣe ti àwọn àlejò tí kì í ṣe olè ṣùgbọ́n tí wọ́n ń jẹ wá tán. Nínú ẹ̀rọ olùkọ́ tí mo sọ nípa rẹ̀ yẹn, a kò rí háká kankan. Àtúnṣe Windows ni a rí, àti ìtọ́jú fọ́tò tí ń rin lọ rin bọ̀, àti àwọn ètò mẹ́ta tí Bàbá kò lò rí láti ìgbà tí ó ti ra ẹ̀rọ náà, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń ránṣẹ́ sílé láràárọ̀ láti béèrè bóyá ìyá wọn ní aṣọ tuntun fún wọn. Nígbà tí Windows 10 jáde ní 2015, ó wà nínú ìṣe rẹ̀, láìjẹ́ pé onílé yàn án, pé kí ẹ̀rọ tí ó ti gba àtúnṣe máa pín in fún ẹ̀rọ àwọn ẹlòmíràn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ní ìlú tí dátà ti jẹ́ owó oṣù kan tí kì í tán, ohun rere ni. Ní Máfolúkù, níbi tí a ti ń ra gígábáìtì bí a ti ń ra gàárì, tí NCC, àjọ ìjọba tí ń bójú tó àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù, sì fọwọ́ sí i ní January 2025 kí wọ́n fi ohun tí kò ju ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún lọ lé owó wọn, ẹnì kan ní Microsoft ni ó ń fi owó ìfẹ̀yìntì olùkọ́ ṣe àánú. Ọ̀nà wà láti dá a dúró: a lè sọ fún Windows pé ìsopọ̀ yìí jẹ́ metered, ìyẹn èyí tí a ń wọ̀n tà fún wa, a sì lè pa Delivery Optimization, ohun tí ń pín àtúnṣe náà kiri. Mo sì béèrè lọ́wọ́ òǹkàwé pé, nínú ilé mélòó ní Òṣòdì ni a ti gbọ́ orúkọ méjèèjì yìí rí?

Òfin ìdáàbòbò ìsọfúnni tí a fọwọ́ sí ní June 2023 ní ẹ̀tọ́ wa ni láti mọ ẹni tí ń gba ìsọfúnni wa àti ohun tí ó fẹ́ fi ṣe. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin náà kò lè rìn dé ẹnu ọ̀nà ẹni tí kò lè ka òpó márùn-ún, iṣẹ́ náà sì ti bọ́ sọ́wọ́ àwọn ọmọ tí ń tún kọ̀ǹpútà ṣe láti Òṣòdì dé Ìkẹjà, àwọn tí àwa àgbà ń pè wọ ilé wa. Mo bẹ àwọn olórí ẹgbẹ́ wọn kí wọ́n sọ ọ́ di àṣẹ pé ọmọ iṣẹ́ kankan kò gbọdọ̀ gbòmìnira kí ó tó mọ bí a ti ń fi nọ́ńbà kan wá ètò tí ó ni ín, àti pé kò sí ẹni tí yóò fọ́máàtì ẹ̀rọ àgbàlagbà kan kí ó tó fi ètò tí ó mú ẹ̀bi hàn án. Sí àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù, ẹ̀bẹ̀ mi kúrú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Èdè Yorùbá dán mọ́rán ni wọ́n fi ń polówó dátà fún wa lórí rédíò láàárọ̀ lálẹ́. Bí wọ́n bá ránṣẹ́ sí wa pé dátà wa ti tán, kí wọ́n fi èdè kan náà kọ́ wa bí a ṣe ń wo ohun tí ó jẹ ẹ́.